Bá a ṣe ń mọ̀ bóyá ìdánwò ń ṣojúsàájú: ẹ kọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì ìwọ̀n, kẹ́ ẹ tó tẹ́ẹ̀sì àsọtẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá ti bá dátà ìdánwò ṣiṣẹ́ rí á mọ àríyànjiyàn yìí dáadáa. Èsì jáde, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì, àwọn ọmọ ilé ìwé private gba 250 ní áfẹ́réèjì, àwọn ti ilé ìwé ìjọba gba 200, kíá ẹnì kan á ní ìdánwò yẹn ń ṣojúsàájú, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, àwọn ọmọ yẹn ni ò mọ̀wé. Àwọn méjèèjì ti sáré jù. Àlàfo àárín áfẹ́réèjì méjì ò lè dá ẹjọ́ yẹn, torí ìdánwò tó dáa gan-an lè gbé àlàfo jáde tó bá jẹ́ pé àlàfo ọ̀hún wà nílẹ̀ lóòótọ́ (ilé ìwé tí ò ní tíṣà físíìsì fún odindi ọdún méjì, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí máàkì físíìsì wọn rí?), bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tó ń ṣojúsàájú lè má gbé àlàfo kankan jáde.

Màá fi ìdánwò ìwọlé yunifásítì bíi UTME ti JAMB ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń gba 400 nínú ẹ̀, pẹ̀lú GPA ọdún kìíní lórí 5.0, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ yẹn, èmi ni mo tò ó kí ìṣirò lè rọrùn, kì í ṣe dátà JAMB o. Ibi tí mo bá ti ń sọ ìwádìí gidi, màá sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ẹ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀

Ìbéèrè kìíní, ti ìwọ̀n: ọmọ méjì tí ìmọ̀ wọn dọ́gba, tí wọ́n wá láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé àǹfààní kan náà ni wọ́n ní láti gba ìbéèrè kan? Ìbéèrè kejì, ti àsọtẹ́lẹ̀: ọmọ méjì tí máàkì wọn dọ́gba, tí wọ́n wá láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé GPA kan náà ni wọ́n máa bọ́ sí ní áfẹ́réèjì? Ẹ tún un kà. Nínú ti kìíní, ìmọ̀ la mú dọ́gba. Nínú ti kejì, máàkì la mú dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ yìí, ibi táwọn èèyàn ti lọ́ méjèèjì pọ̀ ló ti ń wá.

Ti ìwọ̀n dà bíi kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí, ìrẹsì kan náà lè dà bíi pé ó pọ̀ lọ́wọ́ ìyá kan ju ti èkejì lọ. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó gbèrò ibi. Ní 2020 àwọn dókítà ní Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka aláìsàn láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n mú àwọn tí ẹ̀rọ kà sí 92 sí 96, wọ́n wá wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú iṣan wọn lákòókò kan náà. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, nínú 11.7 ìdá ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ọ́síjìn gidi ò tó 88. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 péré ni. Ẹ̀rọ kan náà, nọ́ńbà kan náà lójú ẹ̀rọ, àmọ́ ewu tó wà níbẹ̀ ò dọ́gba.

Àwọn dókítà yẹn rí ẹ̀jẹ̀ fà, ìyẹn ni wọ́n fi mọ òótọ́. Àwa tá à ń wọn ìmọ̀ ò rí nǹkan tá a lè fà jáde nínú orí ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àpapọ̀ máàkì ìdánwò fúnra ẹ̀ la máa ń fi mú àwọn ọmọ dọ́gba, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rántí pé gbèsè kan wà nínú ìyẹn, torí tí gbogbo ìbéèrè bá jọ ń fì sápá kan, àpapọ̀ wọn náà á fì sápá yẹn, tẹ́ẹ̀sì ò sì ní rí nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó ṣí dátà

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́ fi wé ẹgbẹ́ wo, kí nìdí, àti pé ìyàtọ̀ tó tó báwo lẹ máa kà sí nǹkan gidi. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ rí èsì kẹ́ ẹ tó pinnu, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí lẹ máa rí. Ẹ wo iye èèyàn náà. Tí ẹgbẹ́ kan ò bá tó igba (200), ẹ má retí pé tẹ́ẹ̀sì á lè sọ ohun tó dájú fún yín, tó bá sì ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ, nǹkan kékeré tí ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan á máa ní p-value (bó ṣe ṣeé ṣe tó pé èèṣì nìkan á gbé irú ìyàtọ̀ yẹn jáde) tó kéré. Fún ìdí yìí, p-value nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ máa wo bí ìyàtọ̀ ọ̀hún ṣe tóbi tó.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: Mantel-Haenszel

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹ lè fi kalikulétọ̀ ṣe é. Mantel àti Haenszel gbé e jáde ní 1959 fún ìwádìí àìsàn, Holland àti Thayer wá mú un wọnú ìdánwò ní 1988. Ohun tó ń ṣe ò ju pé kó pín àwọn ọmọ sí ìpele nípa àpapọ̀ máàkì wọn, kó wá fi ẹgbẹ́ méjì wéra nínú ìpele kan náà.

Ká mú ìbéèrè máàsì kan tó ní ìtàn gígùn nínú, nípa ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìpele mẹ́ta:

Ìpele ìsàlẹ̀: private, 20 gbà á, 30 ò gbà á, ìjọba, 30 gbà á, 70 ò gbà á.
Ìpele àárín: private, 60 gbà á, 40 ò gbà á, ìjọba, 50 gbà á, 50 ò gbà á.
Ìpele òkè: private, 80 gbà á, 20 ò gbà á, ìjọba, 35 gbà á, 15 ò gbà á.

Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀, 160 nínú 250 ló gbà á ní private, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìjọba jẹ́ 115 nínú 250, ìyẹn 46. Àlàfo 18. Ṣùgbọ́n nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, 40 sí 30, 60 sí 50, 80 sí 70: àlàfo 10 ni. Ìyókù wá látinú pé àwọn ọmọ private pọ̀ ní ìpele òkè. Mẹ́wàá yẹn ló kàn wá.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀ báyìí. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àwọn private tó gbà á lọ́po àwọn ìjọba tí ò gbà á, kẹ́ ẹ pín in sí gbogbo èèyàn inú ìpele yẹn: 20×70÷150 = 9.33; 60×50÷200 = 15; 80×15÷150 = 8. Àpapọ̀ 32.33. Ẹ ṣe òdì kejì ẹ̀, private tí ò gbà á lọ́nà ìjọba tó gbà á: 30×30÷150 = 6; 40×50÷200 = 10; 20×35÷150 = 4.67. Àpapọ̀ 20.67. Ẹ pín 32.33 sí 20.67, ẹ máa rí 1.56. Òun ni odds ratio, ìyẹn iye ìlọ́po tí “àwọn tó gbà á sí àwọn tí ò gbà á” ti private fi jẹ́ ti ìjọba nínú ìpele kan náà. Tó bá jẹ́ 1, kò sí ojúsàájú. Tó bá ju 1 lọ, ìbéèrè náà rọ ẹgbẹ́ private lọ́rùn ju bí ìmọ̀ wọn ṣe mọ lọ.

Ṣé kì í ṣe èèṣì? Tí ẹgbẹ́ ò bá já mọ́ nǹkan kan, iye private tó yẹ kó gbà á ní àpapọ̀ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 148.33, àmọ́ 160 la rí. Variance ẹ̀ (bí iye yẹn ṣe lè máa yí kiri nípa èèṣì) jẹ́ 25.90. (11.67 − 0.5)² ÷ 25.90 = 4.8, ó ju 3.84 lọ, nítorí náà ó kọjá ìlà 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé èèṣì nìkan ò lè gbé irú ẹ̀ jáde tó ìgbà 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣé ó tóbi? ETS, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà, máa ń mú log odds ratio yẹn, wọ́n á fi −2.35 lọ́po ẹ̀. Tiwa jẹ́ −1.05. Tí kò bá tó 1 tàbí tí kò kọjá èèṣì, wọ́n pè é ní A, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá tó 1.5, tó sì hàn pé ó ju 1 lọ tí kì í ṣe èèṣì, C ni, ìyẹn lèyí tó burú. Àárín méjèèjì ni B. Tiwa bọ́ sí B. Wọn ò ní jù ú nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìbéèrè míì bá wà tó wọn ohun kan náà láìsí ìyọnu, ẹ lo ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìpele yìí. Ní 1984, ẹjọ́ kan láàárín Golden Rule, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ní Illinois, àti ETS parí sí àdéhùn pé kí wọ́n máa yan ìbéèrè nípa bí àlàfo àárín àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣe kéré tó, láì kọ́kọ́ mú ìmọ̀ dọ́gba. Ìyẹn ni 18 tiwa yẹn, kì í ṣe 10. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí bínú gan-an, ọ̀gá ETS fúnra ẹ̀ sì sọ ní 1987 pé àṣìṣe ni àdéhùn yẹn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń ju ìbéèrè tó dáa nù torí pé ó wọn nǹkan tí wọn ò kọ́ àwọn ọmọ kan, á sì fi ìbéèrè tó ń ṣojúsàájú sílẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ pé àlàfo ẹ̀ kéré.

Nǹkan méjì tó kù níbí. UTME ní ìbéèrè 180, ọgọ́ta ti Use of English àti ogójì ogójì fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yòókù. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ẹ̀sì gbogbo ẹ̀ ní ìlà 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi mẹ́sàn-án á yọjú lórí èèṣì nìkan, nítorí náà ẹ ṣàtúnṣe p-value yín (ọ̀nà Benjamini-Hochberg dáa). Èkejì: tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn ìbéèrè tó ń fì, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àpapọ̀ máàkì tẹ́ ẹ fi ń pín ìpele, kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe títí tí àkójọ náà ò fi yí padà mọ́. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣe lọ́tọ̀ o, ẹ má fi máàkì bàọ́lọ́jì mú àwọn ọmọ dọ́gba fún ìbéèrè Use of English.

Mantel-Haenszel ò rí ìbéèrè tó rọ private lọ́rùn nísàlẹ̀ tó wá rọ ìjọba lọ́rùn lókè, torí méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Fún ìyẹn, ẹ lo logistic regression (ìlà tó ń fi máàkì sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ọmọ á gba ìbéèrè) bí Swaminathan àti Rogers ṣe fi hàn ní 1990. Módẹ́ẹ̀lì mẹ́ta nínú R, sọ́fítíwíà ìṣirò, ọ̀kan lórí ìkejì:

glm(gba ~ maaki, family = binomial)
glm(gba ~ maaki + egbe, family = binomial)
glm(gba ~ maaki * egbe, family = binomial)

Tí èkejì bá sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìbéèrè ń fì sápá kan ní gbogbo ìpele. Tí ìkẹta bá sàn ju ti èkejì, bó ṣe ń fì yàtọ̀ láti ìpele dé ìpele. Package difR nínú R máa ń ṣe méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè ni, irú èyí tí wọ́n máa ń dáhùn láti 1 dé 5, ẹ lo lavaan, package R míì, kẹ́ ẹ máa gun àkàbà: kọ́kọ́ wò ó pé àwọn ìbéèrè kan náà ló jọ ń rìn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà ẹ mú loadings (bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wọ̀n tó) dọ́gba, lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú intercepts (ibi tí ìdáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀) dọ́gba. Níbi tí CFI (nọ́ńbà tó ń sọ bí módẹ́ẹ̀lì ṣe bá dátà mu tó) bá ti fi ju 0.01 lọ wálẹ̀ láti ìpele kan sí èkejì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró wò. Cheung àti Rensvold ló dá ìwọ̀n 0.01 yẹn ní 2002. Tí intercepts ò bá dọ́gba, ẹ má fi áfẹ́réèjì ẹgbẹ́ méjèèjì wéra rárá.

Àsọtẹ́lẹ̀: ìlà méjì tàbí ìlà kan?

Anne Cleary ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní 1968, nígbà tó ń wo bóyá máàkì SAT, ìdánwò ìwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń sọ òótọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti funfun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Ó ní ìdánwò ń ṣojúsàájú sí ẹgbẹ́ kan tó bá jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni ìlà tá a fà fún gbogbo èèyàn ń sọ GPA wọn kéré jù tàbí pọ̀ jù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ yọ áfẹ́réèjì kúrò nínú máàkì kí ìṣirò má baà di rúdurùdu. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo, GPA lórí máàkì. Lẹ́yìn náà ẹ fa èyí tó ní ẹgbẹ́ àti máàkì lọ́nà ẹgbẹ́ nínú. Ẹ fi F-test (tẹ́ẹ̀sì tó ń wò ó bóyá èkejì sàn ju ti kìíní lọ ju bí èèṣì ṣe lè fà á) wé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ wò ó bóyá bí ìlà ṣe ń gòkè ló yàtọ̀ tàbí bó ṣe ga tó. Lautenschlager àti Mendoza ló dábàá ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ní 1986, ó sì sàn ju kéèyàn kàn máa ju nǹkan sínú regression lọ.

Ọ̀pọ̀ gáìdì máa ń dúró síbí. Ẹ má dúró.

Ká ní ìdánwò wa ò ṣojúsàájú sí ẹnikẹ́ni, tí GPA náà ò sì ṣojúsàájú. Ká ní fún gbogbo ọmọ, GPA = 0.5 + 0.012 × ìmọ̀ gidi. Private ní 250 ní áfẹ́réèjì, GPA wọn 3.5. Ìjọba ní 200, GPA wọn 2.9. Òfin kan náà, ìlà kan náà.

Ṣùgbọ́n ta ló rí ìmọ̀ gidi? Máàkì la rí, máàkì sì ní àṣìṣe nínú, ọmọ kan ní ibà lọ́jọ́ yẹn, òmíì méfò ó sì bọ́ sí i, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì há. Ká ní reliability máàkì (ìdá tó jẹ́ ìmọ̀ gidi nínú bí máàkì àwọn ọmọ ṣe yàtọ̀ síra) jẹ́ 0.8 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà ṣe ń gòkè á wálẹ̀ sí 0.8 × 0.012 = 0.0096 nínú méjèèjì. Ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gba áfẹ́réèjì ẹgbẹ́ tiẹ̀ kọjá, nítorí náà ti private bẹ̀rẹ̀ láti 3.5 − 2.4 = 1.10, ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti 2.9 − 1.92 = 0.98. Ọmọ private tó gba 225, a retí 3.26. Ọmọ ìjọba tó gba 225, a retí 3.14. Àlàfo 0.12, kò sì sí ẹni tó ṣojúsàájú níbì kankan!

Ibi tó ti wá ni pé 225 ju áfẹ́réèjì ìjọba lọ, nítorí náà díẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ orí-ire, ìmọ̀ gidi tá a lè retí lára ọmọ yẹn jẹ́ 220. Lọ́dọ̀ private, 225 kéré sí áfẹ́réèjì wọn, ìmọ̀ gidi tá a lè retí jẹ́ 230. Linn àti Werts ti sọ ọ́ ní 1971 pé àṣìṣe inú máàkì lè fa irú àlàfo yìí. Millsap wá fi ìṣirò hàn ní 1997 pé tí áfẹ́réèjì ẹgbẹ́ méjì bá yàtọ̀, ìwọ̀n tó tọ́ àti ìlà àsọtẹ́lẹ̀ tó bára mu kì í sábà wà pa pọ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ìwọ̀n ṣáájú, torí àsọtẹ́lẹ̀ nìkan ò lè sọ fún yín pé ìdánwò dáa. Kódà tí ìlà méjèèjì bá bára mu rẹ́gí pẹ̀lú àlàfo 50 ní áfẹ́réèjì, ẹ má tíì yọ̀, nǹkan kan lè wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń ti ìlà kan lọ sókè.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ ṣírò àlàfo tí àṣìṣe inú máàkì nìkan lè fà. Ẹ pín bí ìlà ṣe ń gòkè sí reliability, ẹ fi (1 − reliability) lọ́po ẹ̀, ẹ tún fi àlàfo áfẹ́réèjì lọ́po ẹ̀. Tiwa: 0.0096 ÷ 0.8 × 0.2 × 50 = 0.12. Tẹ́ ẹ bá rí 0.12 nínú dátà, ẹ ò rí ojúsàájú kankan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọn ọmọ ìjọba ń fi 0.10 ga ju private lọ ní máàkì kan náà, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ní láti wádìí jẹ́ 0.22, ó ti pọ̀.

Tẹ́ẹ̀sì bí ìlà ṣe ń gòkè náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Aguinis, Culpepper àti Pierce fi hàn ní 2010 pé kì í sábà lágbára tó láti rí ìyàtọ̀ tó wà lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó wọlé nìkan ló ní GPA, àwọn tí kọ́tọ́ọ̀fù gé ò sí nínú dátà yín, ní Nàìjíríà sì rèé, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń gbà lórí merit, catchment àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè tó, ìyẹn ni pé gígé yẹn ò dọ́gba láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Ẹ ṣe confidence interval (láti ibo dé ibo ni ìyàtọ̀ gidi ṣeé ṣe kó wà) fún ìyàtọ̀ náà kẹ́ ẹ gbé e jáde. Ẹ má kàn kọ pé “kò sí ìyàtọ̀”.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́

Nígbà míì àsọtẹ́lẹ̀ náà kì í ṣe GPA, ó jẹ́ á ṣe é tàbí kò ní ṣe é. Ní 2016 ProPublica, iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, yẹ COMPAS wò, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò ní Broward County ní Florida láti sọ ẹni tó máa tún dá ọ̀ràn. Nínú àwọn tí ò tún dá ọ̀ràn kankan, 44.9 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti pè ní eléwu, 23.5 fún funfun. Iléeṣẹ́ tó ni COMPAS fèsì pé máàkì kan náà túmọ̀ sí ewu kan náà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Olùwádìí kan, Chouldechova, fi ìṣirò kan hàn tó ṣàlàyé ẹ̀: tí iye tó ń ṣẹlẹ̀ (ìyẹn àwọn tó tún dá ọ̀ràn) bá jẹ́ 50 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan, 30 nínú èkejì, tí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tá a pè ní eléwu bá sì tún dá ọ̀ràn nínú méjèèjì, tí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó tún dá ọ̀ràn bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú méjèèjì, nínú àwọn aláìṣẹ̀, àwọn tá a pè ní eléwu á jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún níbì kan, 17 níbì kejì. Kò sí bí ẹ ṣe lè mú gbogbo ẹ̀ dọ́gba àyàfi tí iye tó ń ṣẹlẹ̀ bá dọ́gba tàbí tí àsọtẹ́lẹ̀ yín kì í bá ṣàṣìṣe rárá. Nítorí náà ẹ yàn ṣáájú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ dáàbò bò, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n máa tì mọ́lé, pípe aláìṣẹ̀ ní eléwu ló burú jù lójú tèmi.

Ohun tẹ́ ẹ ń sọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Gbogbo ohun tó wà lókè yìí gbà pé GPA tàbí àtúndá ọ̀ràn jẹ́ òótọ́ tó mọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tún mú èèyàn, ìyẹn ò sọ pé ó ṣe é. Obermeyer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 2019 pé sọ́fítíwíà kan tí àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà ń lò láti yan àwọn tó nílò ìtọ́jú àfikún ń sọ iye owó tí aláìsàn máa ná tẹ́lẹ̀, kì í ṣe bí àìsàn ṣe le tó. Owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kéré, nítorí náà ní máàkì kan náà àìsàn tiwọn le jù. Lórí owó, ìlà méjèèjì bára mu dáadáa. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé tí wọ́n bá ṣàtúnṣe, iye aláwọ̀ dúdú nínú àwọn tí wọ́n máa yàn á kúrò ní 17.7 sí 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà ẹ tẹ́ẹ̀sì GPA náà. Ẹ wo dípáátímẹ́ǹtì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, torí 3.5 ní dípáátímẹ́ǹtì kan kì í ṣe 3.5 ní òmíì. Níbi tí wọ́n bá ti ń máàkì ìwé láì rí orúkọ, ẹ fi wé ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Lẹ́yìn èsì

Ìbéèrè tó bá bọ́ sí C tàbí B, ẹ fún àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn, ẹ má sọ ẹgbẹ́ tó ń fì sí fún wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀. Tí ìtàn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá ti jẹ́ ìṣòro, ẹ fi dánfó àti owó ọkọ̀ rọ́pò ẹ̀, nọ́ńbà inú ẹ̀ kò ní yí padà, kẹ́ ẹ tún gbé e fún àwọn ọmọ míì. Tí tẹ́ẹ̀sì bá fi hàn pé ó ń fì, táwọn tíṣà ò sì rí ìdí kankan, ẹ dúró de dátà ọdún tó ń bọ̀. Tó bá yọjú lẹ́ẹ̀kejì sápá kan náà, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún máàkì gbogbo àwọn ọmọ tó dáhùn ẹ̀ ṣírò, kẹ́ ẹ sì wo iye nínú wọn tó yẹ kó ti kọjá kọ́tọ́ọ̀fù.